Mo fẹsẹ̀ rin Pópó Àgùdà dé Ìta Tinúubú, bó ṣe rí rèé

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ra ọjà ní Balógun. Tí ẹ bá ní kí n júwe ibi tí wọ́n ti ń ta léèsì tí owó ẹ̀ ò gani lára, ibi tí ẹ ti lè rí ańkárá tí kì í ṣá, igun tí àwọn alábàárù máa ń dúró sí, mo lè dijú júwe ẹ̀. Àmọ́ tí ẹ bá bi mí pé ta ló kọ́ mọ́sálásí aláràbarà tó wà ní Martins Street, tí mo máa ń gba iwájú ẹ̀ kọjá tòun tẹrù, mi ò mọ̀. Mi ò tiẹ̀ rò ó rí. Ọmọ mi obìnrin ló là mí lójú, ọmọ ọdún 13, wọ́n ní kí wọ́n lọ kọ nǹkan nípa àdúgbò kan ní Èkó wá sí ilé-ìwé, ó wá bi mí pé, "Mọ́mì, kí ló dé tí wọ́n ń pè é ní Pópó Àgùdà?" Mo ní torí àwọn Àgùdà ló ń gbébẹ̀. Ó ní àwọn wo ló ń jẹ́ Àgùdà? Mo ní àwọn Kátólíìkì ni. Ó ní kí ló wá kó gbogbo Kátólíìkì síbì kan? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu mi. Bí mo ṣe lọ sanwó fún àwọn tó máa ń kó èèyàn fẹsẹ̀ rìn kiri àdúgbò náà nìyẹn.

₦15,000 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ àgbàlagbà, ₦7,000 lórí ọmọdé, orí fóònù ni mo ti fi ránṣẹ́, wọ́n sì dá mi lóhùn kíá pé ká pàdé ní Freedom Park aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé, ká wọ bàtà tó bá ẹsẹ̀ mu, ká mú omi dání. Mo bi wọ́n pé ṣé Yorùbá ni wọ́n máa fi sọ̀rọ̀, ẹni tó gbé fóònù ní rárá o mà, Gẹ̀ẹ́sì ni, torí àlejò máa ń wà níbẹ̀. Mo ní kò burú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, màá padà sórí ẹ̀.

Fẹ́sítáàkì là ń gbé, torí náà ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù yẹn la wọ̀ ní Mile 2, kò sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kankan, ká tó sọ̀rọ̀ méjì a ti dé Marina, a wá rọra rìn gba Broad Street, aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá a ti wà lẹ́nu géètì. A dúró. A tún dúró. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó ní ó yá, wọ́n ní àwọn kan ṣì ń bọ̀ láti Lẹ́kí pé àwọn ò lè fi wọ́n sílẹ̀. Èyí ò dáa rárá. Ẹni tó tètè dé ni wọ́n fìyà jẹ, torí wákàtí kan tá a fi ṣòfò yẹn, inú oòrùn la ti wá san án nígbà tó yá. Àwa 22 ni gáìdì kan ṣoṣo ń kó kiri, kò ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn kankan lọ́wọ́, ẹ sì mọ bí Èkó ṣe rí, jẹnẹrétọ̀ ń dún lápá ọ̀tún, họ́ọ̀nù ń ké lápá òsì, ẹni tó ń ta CD tẹ́lẹ̀ tó ti ń ta páwà báǹkì báyìí ṣì ń fi gbohùngbohùn tiẹ̀ pariwo, tẹ́ ẹ bá jìnnà sí gáìdì bíi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ẹ ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ká ní èèyàn méjìlá ni wọ́n ń kó lẹ́ẹ̀kan, yóò dáa jùyẹn lọ.

Freedom Park la ti bẹ̀rẹ̀. Ọgbà ẹ̀wọ̀n nibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀wọ̀n Broad Street. Gáìdì ní amọ̀ àti koríko ni ìjọba òyìnbó kọ́kọ́ fi kọ́ ọ ní 1882, àwọn ará ìlú tínú ń bí wá ń ju iná sí i, ló bá di pé wọ́n lọ kó bíríkì wá láti Ìlú Ọba ní 1885 wọ́n tún un kọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti Herbert Macaulay mọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti Awólọ́wọ̀ náà mọ́. Nígbà tí Nàìjíríà pé 50 ọdún lómìnira, ní 2010, ni wọ́n sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́, Theo Lawson ló ya àwòrán bó ṣe máa rí, ó sì fi ojú ẹ̀wọ̀n yẹn sílẹ̀ kéèyàn lè rí i. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn ti di orí ìtàgé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọrin. Wọ́n fi hàn wá bí yàrá ẹlẹ́wọ̀n ṣe fẹ̀ tó, ọmọ mi dúró sáàárín ẹ̀ ó na ọwọ́ méjèèjì, ó wá wò mí, kò sọ nǹkan kan. Ó sì jẹ́ ọmọ tó máa ń sọ̀rọ̀ o.

Gáìdì wa, ọ̀dọ́mọkùnrin ni, kò lè tíì ju 30 lọ, ó mọ iṣẹ́ ẹ̀. Kò sí ọdún tẹ́ ẹ bi í tí kò mọ̀, kò sì purọ́, tí wọ́n bá bi í ní ohun tí kò dá a lójú á ní òun máa lọ wò ó. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ní Freedom Park yẹn, bíi ẹni tó há ìwé sórí tó ń kà á jáde ni. Ọdún báyìí, gómìnà báyìí, ọdún báyìí. Gẹ̀ẹ́sì tó dáa ni o, mo gbọ́ gbogbo ẹ̀, àmọ́ kò wọ̀ mí lára. Ọmọ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo fóònù. Mo wá ń rò ó pé nínú àwa 22 yìí, mẹ́rin péré ni kì í ṣe ọmọ Yorùbá, òyìnbó méjì, ọ̀gbẹ́ni kan láti Brazil, àti ìyàwó ẹnì kan tó wá láti Ẹdó, gbogbo àwa yòókù la dúró sórí ilẹ̀ Èkó tí ọmọ Èkó ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ìtàn Èkó fún wa. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀, àwọn tó gbà á síṣẹ́ ló ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Láti ibẹ̀ a gba iwájú Kàtídírà Holy Cross kọjá, a ò wọlé torí wọ́n ń ṣe ìgbéyàwó, ohun tí mo kàn mú níbẹ̀ ni pé ilé ìsìn tó wà níbẹ̀ báyìí kọ́ ni àkọ́kọ́, àwọn ọmọlé Àgùdà bíi Francisco Nobre àti Lazaro Borges da Silva ló kọ́ èyí tó ṣáájú. Ibẹ̀ ni gáìdì ti wá dáhùn ìbéèrè ọmọ mi, ó sì dáhùn ẹ̀ dáadáa. Àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní Brazil, Nagô ni wọ́n ń pè wọ́n lọ́hùn-ún. Ní oṣù kìíní 1835, àwọn Mùsùlùmí àárín wọn dìde ìjà ní ìlú Salvador, ìjọba bo ìjà yẹn mọ́lẹ̀, ó pa àwọn kan, ó na àwọn kan, ó sì ń lé àwọn mìíràn padà sí ilẹ̀ Áfíríkà. Láti bí ìgbà yẹn ni àwọn tó ti ra ara wọn padà ti ń fi owó jọ, wọ́n ń wọkọ̀ ojú omi bọ̀ wálé, àwọn kan sọ̀ sí Ouidah, àwọn kan sọ̀ sí Pọ́tò-Nófò, àwọn kan sọ̀ sí Èkó, títí di ìgbà tí Brazil fòpin sí oko ẹrú ní 1888 àti lẹ́yìn ẹ̀ pàápàá. Àwọn tó sọ̀ sí Èkó ni wọ́n fún ní ilẹ̀ lápá ibí. Ọ̀pọ̀ wọn ti gba Kátólíìkì lọ́hùn-ún, orúkọ wọn ti di da Silva, Pereira, Martins, Campos, Salvador, ìdí nìyẹn tí Yorùbá fi ń pe ìjọ Kátólíìkì ní ìjọ Àgùdà di òní. Àwọn Sàró tó ti Sierra Leone bọ̀ ní tiwọn lọ sí Olówógbowó, àwọn òyìnbó wà ní ẹ̀bá omi ní Marina, Ọba àti àwọn ìdílé àtọjọ́mọ́jọ́ wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó gan-an. Nígbà tó sọ ọ́ báyìí, gbogbo àdúgbò tí mo ti ń dárúkọ látọjọ́ yìí wá ń bọ́ sí àyè wọn lórí mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

A wá yà sí Bamgbose Street, a dé Campos Square. Kí ẹ tó lọ o, ẹ má retí pé àdúgbò náà á dà bíi fọ́tò tí wọ́n fi ń polówó. Ilé àtijọ́ tó kù níbẹ̀ ò pọ̀. Àwọn ilé gogoro onídígí ti dúró láàárín wọn, wáyà iná kọjá lórí ara wọn bí àwọ̀n, wọ́n sì ń kọ́ òmíràn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ilé kan wà ní òpópónà kékeré kan, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan péré ni, mi ò ní sọ nọ́ńbà ẹ̀ torí èèyàn ń gbébẹ̀. Fèrèsé ẹ̀ ga, onípákó, ó ṣe rìbìtì lókè. Orí fèrèsé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti fi símẹ́ńtì ṣe òdòdó, ewé wà lápá ọ̀tún, ewé wà lápá òsì, òdòdó wà láàárín, kò sí èyí tó rí bákan náà pẹ̀lú ìkejì ẹ̀ gan-an. Èyí tó wà nísàlẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ìdajì ẹ̀ ti bọ́, èèyàn lè rí bíríkì pupa tó wà lábẹ́ ẹ̀. Gáìdì ní ká sún mọ́ ọn ká wò ó dáadáa, mo sì rí ipa ìka. Ìka èèyàn ni o, ibi tí ọmọlé yẹn ti fi àtàńpàkò tẹ ewé náà sínú nígbà tí símẹ́ńtì ṣì tutù. Mo fi àtàńpàkò tèmi sí i, ó gbà á. Mi ò mọ bí ó ti pẹ́ tó tí ẹni yẹn ti kú, àmọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ wà níwájú mi níbẹ̀, ẹnì kan sì ti kan ìṣó mọ́ òdòdó kejì láti fi so wáyà díìṣì. Ó dùn mí.

Ibi tí mo fẹ́ dé gan-an rèé. Iwájú ilé kẹta sí ìyẹn, màmá àgbà kan jókòó sórí àpótí, ó ń fẹ́ ara ẹ̀. Gáìdì dúró síwájú díẹ̀, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé frejon, oúnjẹ tí àwọn Àgùdà máa ń jẹ ní Good Friday, ó ní wọ́n máa ń se ẹ̀wà, wọ́n á fi blẹ́ńdà lọ̀ ọ́ pẹ̀lú àgbọn. Màmá gbé ojú sókè.

"Ọmọ mi, kí lò ń sọ fún wọn yẹn?"

Gáìdì dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí i. "Ẹ kú àárọ̀ mà. Frejon ni mò ń ṣàlàyé fún wọn, mà."

"Sọ ọ́ ní Yorùbá kí èmi náà gbọ́."

Ó sọ ọ́. Màmá ní, "Blẹ́ńdà kẹ̀? Ta ló ní blẹ́ńdà nígbà tí ìyá wa ń ṣe é? Láti alẹ́ Tọ́sìdeè ni ẹ̀wà á ti wà lórí iná, á jinná débi tí á fẹ́ẹ̀ yọ́. Orí ọlọ ni wọ́n ti máa lọ̀ ọ́. Wọ́n á fi asẹ́ sẹ́ ẹ, èèpo kankan ò gbọdọ̀ kù nínú ẹ̀. Wọ́n á wá rin àgbọn, wọ́n á fún omi ẹ̀ sí i, wọ́n á fi ṣúgà àti kànáfùrù sí i, wọ́n á máa rò ó. Ọwọ́ ò gbọdọ̀ kúrò o. Tí ọwọ́ bá kúrò, ó jó nìyẹn, ẹ sì ti ba Good Friday jẹ́ fún gbogbo ilé." Ó ní ọbẹ̀ ẹja ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, àwọn kan á wọ́n gààrí sí i lórí, kò sì sí ilé tó ń se tiẹ̀ nìkan jẹ, wọ́n á bù ránṣẹ́ láti ojúlé dé ojúlé, títí kan àwọn Mùsùlùmí.

Ẹ ò rí i bí gbogbo wa ṣe dákẹ́. Àwọn tó ti wà lẹ́yìn tí wọ́n ń ya ara wọn ní fọ́tò sún wá síwájú. Ọmọ mi ti kó fóònù sápò. Gáìdì wá ń túmọ̀ fún àwọn mẹ́rin yẹn ní Gẹ̀ẹ́sì, ìgbà yẹn ni ọ̀gbẹ́ni ará Brazil náà sọ pé "feijão", ó ní èdè Potogí tí wọ́n ń pe ẹ̀wà nìyẹn, pé ní Bahia náà, ìyá ìyá òun máa ń fi wàrà àgbọn se ẹ̀wà ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde. Wọ́n túmọ̀ ẹ̀ fún màmá. Kò tiẹ̀ ya màmá lẹ́nu. Ohun tó kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ṣé wọ́n máa ń sẹ́ ẹ lọ́hùn-ún?" Ọ̀gbẹ́ni yẹn ronú, ó ní òun ò mọ̀, pé ọmọdé lòun nígbà yẹn, jíjẹ lòun ń jẹ ẹ́. Màmá ní kó lọ bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé ẹ̀, tó bá bèèrè kó padà wá sọ fún òun.

Màmá yẹn mú wa níbẹ̀ bíi ìṣẹ́jú 20. Ó sọ̀rọ̀ Kàrẹ́tà, àwọn tó máa ń bo ojú jáde tijó tayọ̀ nígbà Àjíǹde, ó ní nígbà tóun wà lọ́mọdé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lòun máa ń sá sí tóun bá ti ń gbọ́ ìlù wọn. Ó nawọ́ sí apá ibi tí Tokunboh Street wà, ó ní, "Gbogbo wa tí ẹ rí níbí, ẹni tó tòkun bọ̀ ló bí wa." Èmi tí mò ń pe mọ́tò àlòkù ní tòkunbọ̀ lójoojúmọ́, mi ò so ó pọ̀ rí mọ́ èèyàn tó jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ torí ó fẹ́ kú sí ilé baba ẹ̀. Láti ìgbà yẹn lọ, gáìdì ò fi Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú mọ́. Yorùbá ló ń kọ́kọ́ sọ, á wá túmọ̀ ẹ̀ lẹ́yìn, ó sì di ẹlòmíràn pátápátá, ó ń ju ọwọ́, ó ń pa àlọ́ pọ̀ mọ́ ọn, ó ń ṣe ohùn Ọba, ó ń ṣe ohùn òyìnbó. Ọmọkùnrin yìí mọ ìtàn sọ! Èdè tí wọ́n ní kó máa lò ni kò jẹ́ ká mọ̀ látàárọ̀.

A kọjá sí Kakawa Street, ibi tí Water House wà, ilé àwọn da Rocha. João Esan da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, ọmọdé ni wọ́n mú un lẹ́rú lọ sí Bahia, ó padà wálé pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ. Ọmọ ẹ̀ Candido, tí wọ́n bí sí Bahia ní 1860, ló wá di olówó tí gbogbo Èkó mọ̀, kò kú títí di 1959. Omi kànga inú ọgbà yẹn ni wọ́n ń tà fún ará ìlú kí omi ẹ̀rọ ìjọba tó dé, ibi tí orúkọ ilé náà ti wá nìyẹn. Gáìdì ní láyé ìgbà yẹn, tí ọmọ bá ti ń bèèrè owó jù, bàbá ẹ̀ á ní, "Ṣé èmi ni Da Rocha ni?" Bàbá àgbà ọkọ mi máa ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn! Mo rò pé orúkọ báǹkì kan ni. A ò ráyè wọlé níbẹ̀, ìta la dúró sí lórí títì, mọ́tò ń fọn họ́ọ̀nù sí wa lẹ́yìn. Tí wọ́n bá mọ̀ pé wọn ò ní jẹ́ ká wọlé, ó yẹ kí wọ́n ti sọ ọ́ ká tó sanwó, torí ohun tí wọ́n kọ sínú ìpolówó wọn mú èmi rò pé a máa rí inú ẹ̀.

Ìta Tinúubú, mo ti gba ibẹ̀ kọjá tó ìgbà ẹgbẹ̀rún. Omi tó ń tú jáde níbẹ̀, àwọn ará Lẹ́bánónì tó wà ní Nàìjíríà ló fi tọrẹ nígbà òmìnira. Ẹfúnróyè Tinúubú tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sọ ibẹ̀, ọmọ Ẹ̀gbá ni, agbára ẹ̀ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ Ọba Akíntóyè àti Ọba Dòsùnmú débi tí Consul Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, ṣe rí i pé wọ́n lé e kúrò ní Èkó ní 1856, ó padà sí Abẹ́òkúta, ó di Ìyálóde gbogbo Ẹ̀gbá ní 1864. Ọmọ mi wá bèèrè pé ṣé lóòótọ́ ló ta ẹrú. Mo rò pé gáìdì á yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan torí ọmọdé ló bèèrè. Kò yí i. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ta ẹrú, ó ta tábà, ó ta iyọ̀, ó ta ìbọn, ó sì tún ja òyìnbó, èèyàn kan náà ló ṣe gbogbo ẹ̀, àti pé àwọn Àgùdà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ wọn, irú òwò yẹn náà ló gbé wọn dé Brazil. Mo bọ̀wọ̀ fún un gan-an fún ìdáhùn yẹn.

Ibẹ̀ náà ni Ilojo Bar wà. Ó yẹ kí n sọ pé ibẹ̀ ló wà tẹ́lẹ̀. Nǹkan bíi 1855 ni ìdílé Fernandez kọ́ ọ, ọ̀kan nínú ilé Àgùdà tó dàgbà jù ní Èkó, ìdílé Olaiya rà á ní 1933, ìjọba sì kéde ẹ̀ ní 1956 pé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ni, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wó o. Ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án 2016, ọjọ́ Sọ́ńdè, wọ́n wó o. Gáìdì mú fọ́tò kan jáde látinú báàgì, ó ti fi ọ̀rá lẹ̀ ẹ́ kí òjò má bà á jẹ́, ó gbé e sókè síwájú ibi tí ilé náà dúró sí, ó ní ká máa wá lẹ́nì kọ̀ọ̀kan ká fi ojú wa sí ẹ̀yìn ọwọ́ òun. Nígbà tó kàn mí, mo rí bàkónì onírin yíká igun ilé, mo rí àwọn fèrèsé rìbìtì yẹn, òdòdó símẹ́ńtì yẹn náà ni, nígbà tó wá gbé ọwọ́ kúrò, kò sí nǹkan kan. Mo ti ń ra ọjà ní Balógun ní 2016. Ó ní láti jẹ́ pé mo gba ibẹ̀ kọjá lọ́sẹ̀ yẹn, kí n rí àwókù, kí n sì wá ọ̀nà tí ẹsẹ̀ mi máa gbà. Mi ò lè rántí. Ohun tó ń dùn mí jù nínú gbogbo ìrìn yìí nìyẹn, pé mi ò lè rántí ẹ̀ rárá.

Mọ́sálásí Shitta-Bey la parí sí ní Martins Street. Mohammed Shitta ló fi owó ẹ̀ kọ́ ọ, oníṣòwò tí wọ́n bí sí ilẹ̀ Sàró ni, wọ́n sì ṣí i ní ọjọ́ 4 oṣù keje 1894. Sultan Abdul Hamid Kejì ti ilẹ̀ Tọ́kì fi oyè Bey ránṣẹ́ sí i, lọ́yà kan láti Liverpool tó ti gba Ìsìláàmù, Abdullah Quilliam, ló gbé e wá. Ẹni tó kọ́ ọ wá ńkọ́, ọmọlé tó ti Brazil bọ̀ ni, João Baptista da Costa. Jòhánù Onítẹ̀bọmi ni ìtumọ̀ orúkọ yẹn o, òun ló kọ́ mọ́sálásí tó rẹwà jù ní Èkó. Mo gbójú sókè, òdòdó símẹ́ńtì yẹn tún nìyẹn, ewé ọ̀tún, ewé òsì. Látọdún kọkànlá.

Àwọn nǹkan tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ. Wákàtí mẹ́ta àbọ̀ la fi rìn, ẹ má gbé ọmọ kékeré lọ́wọ́. Freedom Park nìkan ni tọ́ílẹ́ẹ̀tì tó ṣe é wọ̀ wà, ẹ lò ó kẹ́ ẹ tó jáde. Ẹ mú gèlè tàbí ìborùn dání fún mọ́sálásí. Àwọn bọ́ìs àdúgbò bá wa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ń bèèrè owó, àmọ́ wọ́n mọ gáìdì wa, ó bá wọn sọ ọ́ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, kò sí wàhálà, mi ò bẹ̀rù. Wọn ò mú wa dé Ìga Ìdúngànràn, wọ́n ní ìrìn kúkúrú lèyí, ọ̀tọ̀ lowó tibẹ̀, ìyẹn ò sì tẹ́ mi lọ́rùn, torí báwo lèèyàn ṣe máa rin Èkó kó má fojú kan ààfin Ọba, kódà ká kàn dúró níwájú ẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Frejon tí wọ́n ṣèlérí pé a máa jẹ níparí, ike kékeré kan báyìí ni, ó ti tutù, kò sì dùn tó bí màmá ṣe sọ ọ́. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀, tí wọ́n bá ní kí n fún wọn ní máàkì, mẹ́rin nínú márùn-ún ni, gáìdì yẹn nìkan ló gba mẹ́ta nínú ẹ̀. ₦22,000 tí mo ná lórí àwa méjì, mi ò kábàámọ̀ ẹ̀.

Mo pè wọ́n lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mo ní kí wọ́n ya Sátidé kan sọ́tọ̀ lóṣù tó jẹ́ pé Yorùbá nìkan ni wọ́n máa fi ṣe é, gáìdì kan náà yẹn ni mo fẹ́, kí wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ kó tó láti jókòó ti àwọn àgbà Pópó Àgùdà tí wọ́n bá gbà bẹ́ẹ̀, kí wọ́n mú nǹkan dání lọ kí wọn o, kì í ṣe ká kàn lọ da ìbéèrè bò wọ́n. Obìnrin tó gbé fóònù ní ẹnikẹ́ni ò bèèrè irú ẹ̀ lọ́wọ́ wọn rí. Ó ní tá a bá lè pé mẹ́wàá, àwọn á ṣe é, iye kan náà, aago méje àbọ̀ àárọ̀ kí oòrùn tó mú, àwọn sì máa mú wa dé iwájú Ìga. Èmi àti ọmọ mi ti fi orúkọ sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin méjèèjì náà, ìyàwó àbúrò mi àti ìyá ẹ̀ tó ń bọ̀ láti Iléṣà torí ọ̀rọ̀ Da Rocha tí mo sọ fún un. Ó ku èèyàn mẹ́rin.